Ẹ̀YIN ONÍLÙ, ETÍ KÒ NÍ SÍPÉÀ PÁÀTÌ O!
Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí kò yẹ ìdí ìlù

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ọjọ́ Sátidé ni, ní Fate, n'Ílọrin. Ìyàwó ń wọlé bọ̀, gángan ń fọhùn, jáàsì ń dún gbì-gbì, sípíkà tó ga ju ènìyàn lọ ń bú ramúramù. Lójijì, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í hó "fíììì" nínú ẹ̀rọ. Máìkì mẹ́jọ ló wà níwájú àwọn olórin. Èwo ló ń hó nínú wọn?

Ọmọkùnrin tó jókòó ti míksà kò lè fi etí lásán mọ̀ ọ́n. Àfi kó gbé hẹ́dífóònù sétí, kó máa tẹ bọ́tìnnì máìkì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi ba ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n bí hẹ́dífóònù náà bá jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òfo ni. Ariwo òde yóò bá a wọlé sínú etí, kò ní mọ ohun tó ń gbọ́. Inú olówó òde yóò bàjẹ́, wọ́n sì lè má pe bándì náà mọ́ láéláé.

ÌKÒKÒ OLÓMORÍ ÀTI AJERE

Oríṣi méjì ni hẹ́dífóònù ńlá tó ń bo etí. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ mọ ìkòkò yóò tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan dà bí ìkòkò tí a fi ọmọrí dé: ẹ̀yìn rẹ̀ pa dé, ohùn inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, ariwo òde kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Èkejì dà bí ajere: ihò wà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ń gbà á wọlé, ó ń gbà á jáde. Ilé iṣẹ́ Sennheiser ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé irú ajere yìí jáde fún títà lọ́dún 1968. HD 414 lorúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé ajere burú o. Ẹni tó jókòó sínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, tó ń to orin pọ̀, yóò gbádùn rẹ̀, kò sì ní mú etí rẹ̀ gbóná. Ìdí ìlù ni kò ti yẹ.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍ SÍTÚDÍÒ

Bí wọ́n bá ń gba ohùn ìlù sílẹ̀, onílù máa ń gbọ́ ohùn olórin nínú hẹ́dífóònù, pẹ̀lú "kó, kó, kó" tí kì í jẹ́ kó sáré ju orin lọ. Máìkì sì wà nítòsí orí rẹ̀. Bó bá wọ ajere, "kó, kó, kó" yóò yọ́ jáde wọ inú máìkì. Nígbà tí ìlù bá ń kan gan-an, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí orin bá rọlẹ̀, tí onílù rọra ń fọwọ́ tọ́ awọ, gbangba ló máa hàn bí ewúrẹ́ tó wọ inú ìsọ̀ elélùbọ́. Yíyọ rẹ̀ kúrò ṣòro púpọ̀. Owó sítúdíò yóò di ẹ̀ẹ̀mejì.

ETÍ TÓ BÁ LỌ, Ó LỌ NÌYẸN

Èyí tó burú jù ni ti etí fúnra rẹ̀. Àjọ NIOSH, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé ariwo tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ désíbẹ́ẹ̀lì 85, wákàtí 8 ni kí ènìyàn fi wà nínú rẹ̀ lóòjọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí 3 bá lé e, ẹ pín àkókò sí méjì. 88, wákàtí 4. 94, wákàtí 1. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré!

Jáàsì tí wọ́n ń lù kíkankíkan lè kọjá 100. Onílù tó wọ ajere yóò tún yí ohùn sókè kó lè borí ìlù, ariwo méjì yóò wá máa na etí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí olómorí bá dí 20 kúrò nínú 105, 85 ló máa dé etí. Ohùn ńlá tó rinlẹ̀ ṣì máa ń ráyè wọlé díẹ̀, nítorí náà kí onílù máa sinmi. Irun tíntìntín inú etí tá a fi ń gbọ́ràn, bó bá ti kú, kì í hù mọ́. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn òde, ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin wẹ́dà àti ẹ̀yin ẹlẹ́rọ ata, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ỌJÀ

Àwọn olómorí tó lórúkọ wà. MDR-7506 ti Sony ti wà lọ́jà láti 1991. DT 770 Pro ti Beyerdynamic náà wà, oríṣi ohm 32, 80 àti 250. Ẹni tó máa fi gbọ́ fóònù tàbí ẹ̀rọ kékeré, kó mú 32; 250 ń fẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára. Ayédèrú pọ̀ káàkiri, ẹ má fi orúkọ nìkan rajà.

Ẹ ní kí wọ́n fi orin sí i. Ẹ pa ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni pa àwo dé. Bí orin bá ṣì ń dún jáde ketekete, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e sétí, kẹ́ ẹ wò bóyá ariwo ọjà dínkù. Ẹ gbọ́ apá ọ̀tún, ẹ gbọ́ apá òsì. Ẹ mi okùn rẹ̀ wò bóyá ohùn ń já. Ẹ bi wọ́n bóyá tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, torí òógùn máa ń bó o. Ẹ rántí pé gèlè, fìlà àti apá awò ojú máa ń jẹ́ kó là sílẹ̀ létí. Ẹ má ra aláìlókùn tó ń lo Bluetooth fún ìlù lílù: ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ dé, onílù yóò máa lu ẹ̀yìn orin.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lu jáàsì, tó wá ní kẹ́ ẹ bá òun dá owó hẹ́dífóònù, ẹ má kàn dáwó sí i lọ́wọ́. Ẹ bá a dé ìsọ̀, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.