Lílo Ẹ̀ka Igi Ńlá fún Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Igi

Bí wọ́n bá gé ẹ̀ka máńgòrò tó nípọn tó itan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ìdí ààrò ló sábà máa ń parí sí, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ igi ń dáwó ra pákó. Lóòótọ́, ẹ̀ka kò dára fún pákó gígùn: ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀ sábà máa ń súnkì ju ti ìsàlẹ̀ lọ bó bá ń gbẹ, á sì lọ́. Ṣùgbọ́n kí ni orógùn àti ọmọ odó fẹ́ fi gígùn pákó ṣe? Oríta ẹ̀ka gan-an ló yẹ èèkù ọkọ́, torí fọ́nrán igi tẹ̀ níbẹ̀ láìjá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ la ẹ̀ka tútù láti àárín gbùngbùn, kí ó fi àbẹ́là yíyọ́ bo orí rẹ̀ méjèèjì, kí ó sì tò ó sí ibòòji. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sán.