Òkè Ìdànrè: Ọ̀nà Ilé Tó Di Ọ̀nà Ìgbafẹ́

Òkè Ìdànrè ni ọ̀wọ́ àwọn òkè àpáta tó yí ìlú Ìdànrè ká ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní gúúsù Àkúrẹ́, ìrìn tí kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀. Ṣóńṣó tó ga jù nínú wọn sún mọ́ 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ìpele òkun. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lónìí ń lọ fún ìgbafẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ kó wá, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ, àwọn agùnbánirọ̀, tọkọtaya tuntun, àlejò láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà gòkè kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n dìídì là fún ìgbafẹ́. Ọ̀nà ilé ni. Ìlú odindi kan, pẹ̀lú ọba, ọjà, ojúbọ àti ibojì, wà lókè yẹn títí wọ inú ọ̀rúndún tó kọjá.

Èyí ló mú Ìdànrè yàtọ̀ sí àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní páàkì. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá Yellowstone sílẹ̀ ní 1872, èrò tó wà nídìí páàkì ni pé kí ìjọba pààlà sí ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí, kí igbó, omi àti ẹranko ibẹ̀ lè wà bí wọ́n ṣe wà. Nàìjíríà náà tẹ̀ lé ìlànà yìí. Gashaka-Gumti, tó tàn ká ilẹ̀ Taraba àti Adamawa, di páàkì ní 1991. Ibẹ̀ ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, tó lé ní 2,400 mítà. Òfin àpapọ̀ ló ń darí irú ibẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ páàkì ló sì ń ṣọ́ ọ. Ìdànrè kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń bójú tó o gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ará ìlú, pẹ̀lú Ọwá tó jẹ́ ọba wọn, ni ojúbọ àti àwọn ọdún tó wà lórí rẹ̀ ṣì wà. Ibi kan náà wá ní ọ̀gá méjì: ìjọba tó ń gba owó ìwọlé, àti ìlú tó ni ìtàn.

Bí àpáta náà ṣe dé ibẹ̀

Òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní granite ni àpáta Ìdànrè. Nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ooru ti ń yọ́ òkúta bí òrí, ló ti kọ́kọ́ dì ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ òkè. Ilẹ̀ àti òkúta mìíràn ló bò ó mọ́lẹ̀. Òjò àti oòrùn ń jẹ ohun tó bò ó díẹ̀díẹ̀, ọ̀gbàrá ń gbé e lọ, títí èyí tó le jù fi yọ orí síta. Bí ẹrù orí rẹ̀ ṣe ń fúyẹ́, àpáta náà ń bó láwẹ́láwẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí àwọn òkè Ìdànrè fi rí roboto, tí ẹ̀gbẹ́ wọn sì dán débi pé ọwọ́ kò rí ibi dì mú. Àwọn ilà dúdú gbọọrọ tó wà lára wọn ni ipa ibi tí omi òjò ń gbà ṣàn wálẹ̀.

Láàrin òkè kan sí èkejì, àfonífojì wà tó ní ilẹ̀ ọlọ́ràá, igi àti omi. Inú irú àfonífojì bẹ́ẹ̀, lókè lọ́hùn-ún, tí àpáta fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ ṣe ògiri fún, ni ìlú àtijọ́ fìdí kalẹ̀ sí.

Ìlú tó sọ̀kalẹ̀

Ìtàn àwọn ará Ìdànrè sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, lábẹ́ Ọlọ́fin tó jẹ́ ìbátan Odùduwà. Jagunjagun kan tó tún jẹ́ ọdẹ, Agbógun, ló ń ṣáájú wọn wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Wọ́n ní nígbà tí ojú kọ́kọ́ kan òkè náà, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ké pé, “Idán rè é!” Láti ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá.

Ní ayé ogun, odi tí Elédùmarè mọ ni òkè jẹ́. Ọ̀tá tó bá fẹ́ kó ìlú náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun àpáta lójú àwọn tó ń wò ó láti òkè. Ṣùgbọ́n ààbò yìí ní iye tí wọ́n ń san fún un. Oko ńláńlá wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè; iṣu, igi ìdáná àti ẹrù ọjà, orí ni wọ́n fi ń rù wọ́n gba ara àpáta, nígbà tí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì kò tíì sí.

Nígbà tí ogun dópin lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, iye yẹn pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Kòkó ti di owó ní ilẹ̀ Oǹdó, Ìdànrè sì wà lára àwọn ibi tó ń so jù. Oko kòkó, ọjà àti ọ̀nà mọ́tò, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Láàrin 1923 sí 1933, àwọn ará ìlú kó ẹrù wọn sọ̀kalẹ̀, ìlú Ìdànrè òní sì gbòòrò nísàlẹ̀, pẹ̀lú Òdòde, Aládé àti Àtòsìn. Wọn kò wó ilé wọn kí wọ́n tó lọ. Wọ́n fi ààfin, ojúbọ àti ibojì àwọn baba wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì ń padà lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́dọọdún.

Gígun òkè náà

Lẹ́yìn tí àlejò bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn ló kàn. Ó lé ní 600. Iye rẹ̀ gan-an jẹ́ àríyànjiyàn láàrin àwọn tó ń kà á bí wọ́n ṣe ń gòkè: ẹnì kan á ní 660, ẹlòmíràn á ní 682, ẹni tó sì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kì í lè jiyàn. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà náà. Ìmọ̀ràn tí ẹni tó mọ òkè máa ń fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni pé kó má sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó sáré ni wọ́n máa ń jókòó jù ní ibi ìsinmi kejì. Nígbà tí ènìyàn bá fi dé ìkẹta, tó bojú wẹ̀yìn, òrùlé páànù Òdòde á ti kéré bí páálí ìṣáná, ìró ọ̀kadà á ti dín kù, atẹ́gùn á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí i lára.

Níbi tí àtẹ̀gùn parí sí, ojú àpáta ni wọ́n ń rìn, kí wọ́n tó wọ inú ìlú àtijọ́. Níbẹ̀ ni ilé agogo wà, àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ti wà láti 1896, àti kóòtù tí wọ́n kọ́ ní 1906. Àwọn ilé yìí fi hàn pé ìjọ Kírísítẹ́nì àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gun òkè lọ bá àwọn ará Ìdànrè kí Ìdànrè fúnra rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ààfin Ọwá, pẹ̀lú àgbàlá àti òpó igi gbígbẹ́ rẹ̀, àti ilẹ̀ ìsìnkú àwọn ará ìgbàanì.

Síwájú sí i, ipa ẹsẹ̀ Agbógun wà nínú òkúta. Àlejò á bọ́ bàtà, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ipa náà máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, ìbáà tóbi, ìbáà kéré, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi kan àwọn fúnra wọn, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu wọn. Àwọn àmì kan tún wà lára àpáta tó jọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò rí kà, àti omi tí wọ́n ń pè ní Omi Aopara, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ àrá.

Iṣẹ́ afinimọ̀nà

Láàrin ìjọba àti ìlú, láàrin ìgbafẹ́ àti èèwọ̀, afinimọ̀nà ló dúró. Ní páàkì tí kò ní olùgbé, iṣẹ́ afinimọ̀nà kò ju kó mọ ọ̀nà, kó mọ ẹranko, kó sì mọ ìgbà tí òjò ń bọ̀. Ní Ìdànrè, ó tún gbọ́dọ̀ mọ ilé ta ni èyí, ojúbọ wo ni tọ̀hún, ibo ni àlejò lè ya fọ́tò àti ibo ni kò gbọdọ̀ tẹ̀. Púpọ̀ nínú ìtàn tó ń sọ ni kò sí lára pátákó. Ẹnu àgbà ló ti gbà á. Bí kò bá sí i, òkúta lásán ni ipa ẹsẹ̀ Agbógun, ògiri alámọ̀ lásán sì ni ààfin.

Ìdí tí èèwọ̀ fi le ni pé òkè náà kò tíì di ohun àná. Ọdún pàtàkì méjì, Orósùn àti Ìden, ni wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Orósùn ni orúkọ òrìṣà, òun náà sì ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn òkè tó ga jù níbẹ̀. Ní ọdún Ìden, Ọwá ń dé adé àtijọ́ tí ìtàn ìlú sọ pé ti Odùduwà ni. Ohun tí arìnrìn-àjò ń pè ní ibi àwòṣífìlà, ibi ìjọsìn ni lójú àwọn onílé.

Àwọn olùgbé tó kù

Ènìyàn sọ̀kalẹ̀, ẹranko kò sọ̀kalẹ̀. Ọ̀fàfà ṣì ń ké lóru láàrin àpáta. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà níbẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn lágbàáyé, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Ará Denmark kan, Arne Schiøtz, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn náà, nǹkan bí àádọ́ta ọdún kọjá láìsí ẹni tó kọ sílẹ̀ pé òun rí i, àfi ìgbà tí àwọn onímọ̀ tún rí i ní 2013. Ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú adágún bí ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Ara àpáta tí omi ń sun lé lórí fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń dàgbà sí. Omi tí ẹsẹ̀ àlejò ń tẹ̀ kọjá láìbìkítà lè jẹ́ ilé ohun tó fi Ìdànrè nìkan ṣe ilé.

Adán pọ̀ nínú ihò àpáta, ọdún ọdẹ adán sì wà tí àwọn ọkùnrin ìlú máa ń ṣe. Àwọn olùwádìí ìlera ti wá ṣe àyẹ̀wò adán àti àwọn tó ń dẹ ẹ́, nítorí pé adán lè gbé kòkòrò àrùn tó ń ran ènìyàn. Fún àlejò, ìlànà rẹ̀ kò le: kó má wọ inú ihò, kó má fọwọ́ kan adán.

Ìgbà àti ìṣọ́ra

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló rọrùn jù láti gun òkè náà, nítorí àpáta gbẹ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run débi pé ẹni tó dé orí òkè kò ní rí ìsàlẹ̀ dáadáa. Ní àsìkò òjò, ohun gbogbo tutù yọ̀yọ̀, àpáta tó dán sì máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Tí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ojú àpáta gbalasa kì í ṣe ibi tó yẹ kí ènìyàn dúró sí. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára láti bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná. Bàtà kánfáàsì tó di ilẹ̀ mú dára ju sálúbàtà lọ. Kí omi mímu tó, kí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì bá ẹni tó mu ún sọ̀kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn ti wà nísàlẹ̀, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń gbo orúnkún jù, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣe.

Òkìkí Ìdànrè

Òkìkí òkè yìí ti pẹ́. Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ rẹ̀ pe àkójọ ewì rẹ̀ tó jáde ní 1967. Ní àkókò ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, ìpínlẹ̀ Oǹdó dá àjọ̀dún Mare sílẹ̀, níbi tí òkè gígun ti di eré ìdárayá àti àríyá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, orúkọ Òkè Ìdànrè wọ ìwé UNESCO tí wọ́n ń kọ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè kan gbèrò láti gbé kalẹ̀ fún ipò ogún àgbáyé sí. Ìyẹn kò tíì jẹ́ ipò náà fúnra rẹ̀. Ibi méjì péré ní Nàìjíríà ló ti gbà á: Sukur ní Adamawa ní 1999, àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005.

Ìdànrè kọ́ ni àpáta kan ṣoṣo tó di ibi ìgbafẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Olúmọ ní Abẹ́òkúta gba àwọn Ẹ̀gbá sábẹ́ ní ayé ogun; lónìí, ó ní àtẹ̀gùn, ó tún ní ẹ̀rọ agbéniròkè fún ẹni tí kò lè gùn ún. Ní Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, adágún Ìyáké wà lórí àpáta. Ohun tí Ìdànrè ní tí àwọn yẹn kò ní tó ọ ni ìlú tó ṣì dúró lókè, ibẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ àti ìṣòro rẹ̀ wà. Ilé alámọ̀ tí ènìyàn ń gbé máa ń rí ẹni rẹ́ ògiri rẹ̀, tó ń pààrọ̀ òrùlé rẹ̀. Èyí tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, àsìkò òjò díẹ̀ ti tó láti mú un padà di ilẹ̀. Àpáta kò nílò àtúnṣe. Ààfin, kóòtù àti ilé-ẹ̀kọ́ nílò rẹ̀ lọ́dọọdún. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, ìrìn àwọn ará ìlú nígbà ọdún, àti ìtàn tó wà lẹ́nu àwọn afinimọ̀nà ni ohun mẹ́ta tó ń mú wọn dúró.