SWR rédíò CB ilé rẹ ga jù? Wo ohun tó yẹ kí o yẹ̀ wò kí o tó gé áńtẹ́nà

Bí o bá ra rédíò CB sílé, tí o gbé áńtẹ́nà rẹ̀ sórí òrùlé, àmọ́ tí ẹni tó wà ní àdúgbò kejì kò gbọ́ ọ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí rédíò náà má ní àrùn kankan. Áńtẹ́nà àti wáyà tó so ó mọ́ rédíò ló yẹ kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín wọn. SWR ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí i pé nọ́ńbà yìí ga ló máa ń sáré mú ayùn láti gé áńtẹ́nà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tí wọ́n bá gé kúrò kò rọrùn láti so padà, gígùn rẹ̀ sì lè má jẹ̀bi rárá.

Ta ló ń lo CB?

CB ni rédíò tí ará ìlú fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láì san owó ìpè, láì sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1958 ni àjọ FCC ya àwọn ìkànnì kan sọ́tọ̀ fún un lórí ìgbì 27 MHz, wọ́n sì di 40 lọ́dún 1977. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1981. Láti ọdún 2006, kò nílò láìsẹ́ńsì mọ́ níbẹ̀.

Àwọn awakọ̀ tírélà ní Amẹ́ríkà máa ń lo ìkànnì 19 láti kìlọ̀ fún ara wọn nípa ìjàǹbá àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìkànnì 9 wà fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Àwọn míì gbé e sílé, kí wọ́n lè rí nǹkan fi sọ̀rọ̀ nígbà tí ìjì bá ba fóònù jẹ́.

Agbára rẹ̀ kò pọ̀. Wáàtì 4 péré ni òfin Amẹ́ríkà gbà láàyè lórí AM. Nítorí náà, èyí tó bá ṣòfò lójú ọ̀nà kì í ṣe kékeré.

Kí ni SWR?

Bí o bá pariwo sí ara àpáta, ohùn rẹ á padà wá bá ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára rédíò ṣe ń ṣe nínú wáyà. Rédíò CB, wáyà rẹ̀ àti áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ bára mu ní ohm 50. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, díẹ̀ nínú agbára náà á padà sẹ́yìn. Èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á pàdé, wọ́n á sì di ìgbì tó dúró sójú kan. SWR ló ń wọn ìgbì yẹn.

• 1: kò sí ohun tó padà.
• 1.5: ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà. Èyí dára.
• 2: ìdá 11 ló padà. Ó ṣì ṣeé lò, àmọ́ ó yẹ ní títúnṣe.
• 3: ìdá 25 ló padà, ìyẹn wáàtì kan nínú mẹ́rin. Má ṣe lò ó bẹ́ẹ̀.

Àwọn rédíò kan máa ń dín agbára wọn kù fúnra wọn bí èyí bá ṣẹlẹ̀. Ní ti àwọn míì, transistor tó ń ti agbára jáde lè jó.

Bí o ṣe lè wọ̀n ọ́n

So mítà SWR sáàárín rédíò àti wáyà áńtẹ́nà. Áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ ti wà níbi tó máa wà gan-an, kì í ṣe kí o gbé e sílẹ̀ nínú yàrá.

Lo AM tàbí FM, kí o sì yẹra fún ìkànnì 9. Bí o bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì tí o fẹ́ lò, dúró dè é kó parí. Yí mítà sí FWD, tẹ máìkì láì sọ̀rọ̀, kí o yí CAL títí abẹ́rẹ́ á fi dé òpin. Yí i sí REF, ka nọ́ńbà, kí o sì tú máìkì sílẹ̀.

Ṣe é lórí ìkànnì 1, 20 àti 40, kí o máa tún CAL ṣe lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ọ.

• Bí ìkànnì 1 bá ga ju 40 lọ, áńtẹ́nà kúrú. Fà á gùn díẹ̀.
• Bí ìkànnì 40 bá ga ju 1 lọ, áńtẹ́nà gùn jù. Dín in kù.
• Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí àárín sì lọ sílẹ̀ ju 1.5 lọ, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí áńtẹ́nà rẹ bá ní ibi tí wọ́n ti ń sún un, ibẹ̀ ni kí o lò. Bó bá di dandan láti gé e, má ṣe gé ju ìlàjì sẹ̀ǹtímítà lọ lẹ́ẹ̀kan, kí o tún wọ̀n ọ́n.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ju 3 lọ ńkọ́?

Má fọwọ́ kan gígùn áńtẹ́nà. Ẹni bá fara balẹ̀ tú èèrà, á rí ìfun inú rẹ̀. Yẹ àwọn nǹkan yìí wò:

• Ẹnu wáyà: fọ́nrán kan péré láti ara àwọ̀n bàbà tó bo wáyà, tó bá kan irin àárín, ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tú wáyà kúrò lára rédíò àti áńtẹ́nà, kí o fi mítà iná yẹ̀ ẹ́ wò. Irin àárín àti ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn.
• Omi: bí òjò bá gba ẹnu wáyà wọlé lókè, bàbà á dípẹtà. Pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì fi téèpù tí omi kì í wọ̀ dì í.
• Ibi tó wà: òrùlé páànù, gọ́tà irin tàbí ọ̀pá irin tó sún mọ́ ọn jù máa ń yí nọ́ńbà padà. Gbé e kúrò níbẹ̀, kí o tún wọ̀n ọ́n.
• Áńtẹ́nà ọkọ̀: èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nídìí gbára lé ara irin ọkọ̀. Bí o bá gbé e sórí igi fèrèsé, kò ní ohun tó máa ti ara lé. Gbé e sórí irin tó fẹ̀, tàbí kí o ra áńtẹ́nà ilé.

Bí o kò bá tíì mọ èyí tó jẹ̀bi, ra dummy load ohm 50. Tú áńtẹ́nà kúrò lókè, kí o fi í sí ẹnu wáyà níbẹ̀. Bí SWR bá sún mọ́ 1, inú áńtẹ́nà tàbí ibi tó wà ni wàhálà wà. Bó bá ṣì ga, wáyà ni.

Nọ́ńbà tó dára lè tanni jẹ

Dummy load máa ń fún ni ní SWR 1, síbẹ̀ kò lè gbé ohùn rẹ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Wáyà tó ti gbó tàbí tó ti mu omi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ agbára ní àlọ àti àbọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń padà dé ọ̀dọ̀ mítà.

Nítorí náà, bí SWR bá dára àmọ́ tí wọn kò gbọ́ ọ, fi mítà wáàtì wọn agbára ní ẹnu rédíò, kí o tún wọ̀n ọ́n ní òpin wáyà, pẹ̀lú dummy load níwájú mítà náà. Bí ìlàjì bá ti sọnù, pààrọ̀ wáyà náà. Má ṣe ra ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára: òfin Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ fún CB, kò sì ní wo àrùn náà sàn.

Ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju rédíò lọ

Má ṣe gbé áńtẹ́nà síbi tó ti lè wó lu wáyà iná mọ̀nàmọ́ná. Ààyè tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ ju gígùn òpó àti áńtẹ́nà lápapọ̀ lọ. Má gun òrùlé nígbà òjò tàbí afẹ́fẹ́ líle. Bí òjò bá ṣú, tú wáyà kúrò lára rédíò kí àrá tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní Nàìjíríà, bèèrè lọ́wọ́ àjọ NCC kí o tó lo rédíò tó ń gbé ohùn jáde.

Tọ́jú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o kọ sílẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tàbí ìjì bá jà, tún wọ̀n wọ́n. Èyí tó bá yí padà ló máa sọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀.