Bí Ewé Kòkó Ti Ń Gbọ́ Ìkìlọ̀ Ọ̀dá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko kòkó, abẹ́ ewé kòkó ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí igi fi ń ṣe oúnjẹ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ náà ni omi ara rẹ̀ ń gbà jáde.

Sẹ́ẹ̀lì méjì tí ó dà bí ètè ni ó ń ṣọ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Awọ fẹ́lẹ́ ni ó yí sẹ́ẹ̀lì ká. Ẹnu ọ̀nà omi wà lára rẹ̀ lọ́tọ̀, ti iyọ̀ lọ́tọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ètè wọ̀nyí a fa pọtásíọ̀mù wọlé, èyíinì ni iyọ̀ tí ó pọ̀ nínú eérú èèpo kòkó tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Omi a tẹ̀lé e, ètè a wú, ihò a sì là.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, èròjà kan nínú igi a gbé ìkìlọ̀ tọ̀ wọ́n lọ. Kálísíọ̀mù a pọ̀ sí i nínú wọn, pọtásíọ̀mù a jáde, omi a bá a lọ, ihò a sì dí. Igi kò ní tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ebi yóò máa pa á.

Nítorí náà, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí ọmọ kòkó ká, kí ó má kan igi rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó. Ẹ má ṣe kó ajílẹ̀ tàbí eérú jọ sí ìdí rẹ̀: bí iyọ̀ ilẹ̀ bá pọ̀ ju ti inú gbòǹgbò lọ, omi a padà jáde, ọmọ kòkó a sì rọ lórí ilẹ̀ tútù.