Orin Fẹlá tí kò wọnú awo: Inú páálí ta ni wọ́n wà?

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Owódé, l'Ọ́yọ̀ọ́, tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì lòde, á mọ̀ pé dírẹ́bà ló ni orin. Bó bá wù ú, á fi Àyìnlá Ọmọwúrà sí i. Bó bá wù ú, á fi Barrister sí i. Ṣùgbọ́n tó bá lọ jẹ́ Fẹlá ló fi sí i, wọ́n á ti rìn jìnnà kí ọkùnrin náà tó la ẹnu kọrin. Fèrè á máa lọ, ìlù á máa lọ, àwọn ìyá tó jókòó sẹ́yìn á sì máa béèrè pé ìgbà wo gan-an ni onítọ̀hún fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ayé kásẹ́ẹ̀tì ti lọ, ṣùgbọ́n orin Fẹlá ò bá a lọ. Ẹni tó bá ń wá "Lady", "Zombie" tàbí "Water No Get Enemy" lónìí, orí fóònù ló ti máa gbọ́ ọ, kíá ni. Ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Fẹlá Aníkúlápó Kúti kọ àwọn orin kan tí kò wọnú awo títí tó fi kú lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Orin ńláńlá ni o, kì í ṣe àjẹkù. Àwọn tó ń lọ sí Shrine gbọ́ wọn, wọ́n jó sí wọn, wọ́n sì mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tà wọ́n rí nígbà ayé ẹ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn gbà sílẹ̀ ni wọ́n wà, àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an làwọn tó ń kó orin Fẹlá jọ sì ń wá lójú méjèèjì.

Òfin Fẹlá

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ bọ́rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ mọ bí Fẹlá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ olórin, wọ́n á ṣe awo ná, wọ́n á wá máa kọ orin inú awo náà lóde àríyá, torí ohun tí èrò mọ̀ ni wọ́n fẹ́ẹ́ jó sí. Fẹlá yí tiẹ̀ padà. Orí ìtàgé ló ti máa ń gbé orin tuntun kalẹ̀, tí á máa tún un ṣe, tí á máa fi kún un, oṣù á gorí oṣù, nígbà mìíràn ọdún á gorí ọdún, kó tó kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí sítúdíò. Tó bá sì ti gbà á sílẹ̀ sínú awo tán, ó parí nìyẹn. Kò ní í kọ ọ́ lóde mọ́. Èèyàn lè sanwó wọ Shrine ní Pepple Street, n'Íkẹjà, kó máa pariwo "Lady" títí ilẹ̀ á fi mọ́, Fẹlá ò ní í dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ orin àná, kó lọ ra awo ẹ̀.

Òfin yìí dùn mọ́ àwọn tó ń lọ sí Shrine. Orin táráyé ò tíì gbọ́ ni wọ́n ń gbọ́ lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ alẹ́ Yabis, àti lálẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́. Orin tí kò bá ráyè dé sítúdíò, orí ìtàgé nìkan ló ní. Lọ́jọ́ tí olórin bá dákẹ́, òun náà dákẹ́ nìyẹn.

Ẹ wo "Pansa Pansa". Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni Fẹlá ti ń kọ ọ́ lóde, ọdún 1992 ló tó wọnú awo, nígbà tí "Underground System" jáde. "Underground System" fúnra ẹ̀, Thomas Sankara, olórí Burkina Faso tí wọ́n pa lọ́dún 1987, ló fi sọ̀rọ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ló wà láàrin ikú ọkùnrin náà àti awo ọ̀hún. Awo tuntun tí Fẹlá ṣe kẹ́yìn sì nìyẹn. Láti 1992 títí tó fi kú, kò gbé tuntun jáde mọ́, bẹ́ẹ̀ kò ṣíwọ́ orin kíkọ.

Orúkọ wà, awo ò sí

Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ máa ń ka orúkọ àwọn orin yìí lórí bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ tó sọnù: "Chop and Clean Finish", "Big Blind Country", "Government of Crooks", "Clear Road for Jaga Jaga". Ẹni tó bá rántí Nàìjíríà láyé ìjọba Babangida àti Abacha, orúkọ wọn nìkan ti tó o láti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wà nínú awo tí Fẹlá gbé jáde nígbà ayé ẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ wúwo jù nínú wọn ni "Condom Scallywag and Scatter". Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Fẹlá ò fẹ́ kọ́ńdọ̀ọ̀mù rí sójú. Lójú tiẹ̀, nǹkan òyìnbó ni, kì í ṣe ti adúláwọ̀. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu gbà á, ó kọ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì tó kú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló jáde sọ fáwọn oníròyìn pé àrùn éèdì ló mú àbúrò òun lọ. Ariwo ta káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ ohun tí Fẹlá sọ gan-an nínú orin náà, yálà kó fi dá a lẹ́bi ni o, yálà kó fi gbèjà ẹ̀ ni o, kò sí awo tó lè mú lọ́wọ́. Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè jẹ́rìí.

Ohun tí iná jẹ

Wọ́n lè ní ṣebí Fẹlá fúnra ẹ̀ á ní ẹ̀dà orin ẹ̀ nílé. Ó ní o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ Kalákúta, ilé ẹ̀ l'Ágége Motor Road, wọ́n lu àwọn èèyàn ibẹ̀, wọ́n ju ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá ọ̀hún kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sóhun tó lè tó ẹ̀mí, ṣùgbọ́n iná ọjọ́ yẹn ò mọ sórí pákó àti páànù. "The Black President", fíìmù tí wọ́n ń ṣe nípa ìgbésí ayé Fẹlá, ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún un jóná. 

Ará Ọ̀yọ́ ò nílò kí wọ́n máa ṣàlàyé iná fún òun. Ẹni tó bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìíní, ọdún 2020, mọ̀ pé òru ọjọ́ kan lè gbé ohun téèyàn fi ogójì ọdún kó jọ lọ.

Kì í sì í ṣe iná nìkan. Olè náà ń bẹ. Lọ́dún 1973, Paul McCartney, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá sí Èkó láti wá gba awo "Band on the Run" sílẹ̀. Bí òun àti ìyàwó ẹ̀ ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọọ̀ta fọ̀bẹ yọ sí wọn, wọ́n gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Kásẹ́ẹ̀tì tó kọ orin tuntun sí wà níbẹ̀. Àfìgbà tí McCartney bẹ̀rẹ̀ sí í rántí orin náà látinú orí ara ẹ̀. Ta ló mọ ohun táwọn olè yẹn fi kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ṣe? Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi gba orin ẹlòmíì sórí ẹ̀. Lónìí, àwọn tó fẹ́ràn Beatles ìbá san owó tó lè kọ́lé fún un.

Àwọn tó ń kó o jọ

Láti ọjọ́ pípẹ́ làwọn èèyàn ti ń kó awo Fẹlá jọ. Àwọn kan ń wá awo tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Nàìjíríà, tó ní àwòrán tí Lemi Ghariokwu yà sára ẹ̀. Àwọn kan ń wá tìgbà tó ń pe ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Koola Lobitos, tí orin ẹ̀ ṣì jọ hàílàìfù. Wàhálà wọn ò já sásán. Lọ́dún 2016, wọ́n gbé àkójọ orin Koola Lobitos, ti 1963 sí 1969, jáde l'Ámẹ́ríkà nínú síídì mẹ́ta. Ara awo àtijọ́ ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀, kódà ẹ ó máa gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ha awo. Ká ní gbogbo ẹni tó ní awo yẹn nílé ti dà á nù ni, ibo ni wọn ì bá ti rí i?

Orin orí ìtàgé ńkọ́? Lóṣù kọkànlá, ọdún 1986, lọ́dún kan náà tí Fẹlá jáde lẹ́wọ̀n, ó kọrin nílùú Detroit, l'Ámẹ́ríkà. Orin mẹ́rin péré ló kọ, ó sì lé ní wákàtí méjì. "Beasts of No Nation" wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ ọdún 1989 ni awo ẹ̀ tó jáde. Ìyẹn ni pé ará Detroit ti gbọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà. Ọdún 2012 ni wọ́n tó gbé orin alẹ́ ọjọ́ náà jáde fún gbogbo ayé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wà níbi tó wà, torí pé ẹnì kan tọ́jú ẹ̀.

Ẹ tún wo bàbá bàbá Fẹlá, Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti. Nínú àwọn ọdún 1920 ló lọ kọ orin ìyìn Yorùbá sínú awo fún Zonophone ní London. Ọdún 1930 ló ti kú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ohùn ẹ̀ dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dáa kí wọ́n máa gbọ́ ohùn bàbá àgbà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n má gbọ́ ti ọmọ-ọmọ tó kọrin láyé tí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kún ìgboro?

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?

Ẹlòmíì á ní Èkó lọ̀rọ̀ yìí wà, kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́? Ó kàn án o. Kásẹ́ẹ̀tì kì í jókòó síbi kan. Lọ́dún 1990 tí wọ́n dá yunifásítì tó ń jẹ́ Ladoke Akintola sílẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọmọ Èkó tó wá kàwé níbẹ̀ ò ní í fi kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀ sílé. Ọ̀rẹ́ á yá a, á lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń da orin kọ, á gba ẹ̀dà tiẹ̀. Ẹ̀dà á bí ẹ̀dà. Bẹ́ẹ̀, nílé tí wọ́n ti ka Fẹlá sí ẹni tó ń ba ọmọ jẹ́, ta ló máa kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sára kásẹ́ẹ̀tì? Ìyẹn ni kásẹ́ẹ̀tì tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí téèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́, kó tó dà á nù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sórí Fẹlá. Ògúndáre Fọ́yánmu, ìlú-mọ̀ọ́ká oníjàálá Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe awo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjálá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sun bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá sun níbi ìsìnkú bàbá lágbájá, tó fi pe oríkì ìdílé wọn, kásẹ́ẹ̀tì ẹni tó ṣe òkú náà nìkan ló lè wà. Tíyẹn bá bàjẹ́, ó tán.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe irin. Ooru orí àjà ń ká a kò, òjò tó ń jò láti orí páànù ń jẹ́ kó hu funfun, téèpù inú ẹ̀ ń gan mọ́ra. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba ìwàásù tàbí fújì lé e lórí. Kí wọ́n nu orí ẹ̀rọ dáadáa. Kí wọ́n fi bírò yí i jẹ́jẹ́ kó tó wọnú ẹ̀rọ. Kí wọ́n má sì máa gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó bá máa kọ, inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni kó máa wọ̀ lọ.

Ìjà kan wà láàrin àwọn tó ń kó o jọ yìí. Àwọn kan fi tiwọn pamọ́, pé ohun tó wọ́n ló níyì. Àwọn kan ní kí wọ́n dà á sóde fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n orin Fẹlá ní ẹni tó ni ín, àwọn ọmọ ẹ̀ sì wà láyé. Ẹni tó bá tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì ò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tà lẹ́yìn àwọn tó ni ín, olè ni.

Ní báyìí ná, kò sẹ́ni tó lè bínú orí tàbí jagun ẹ̀tọ́ lórí orin tó ti jẹrà. Páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ní Ọ̀yọ́, òmíì wà lórí àjà ìyá l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbálé ọdún, kí wọ́n má tíì gbé e lọ sí ààtàn. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n sì ní sùúrù díẹ̀. Tó bá jẹ́ Fẹlá ni, ó máa pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.