OLÓGBÒ RE ÀJÒ, ILÉ BÁ A LỌ

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Ẹni tí ó pa òwe yìí gbà pé ilé kì í bá ológbò re àjò: bí ọ̀kan bá lọ, èkejì a dúró. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí ilé wọn ń bá wọn rìn, tí ológbò wọn sì wà nínú ilé náà. Irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, pẹ̀lú ohun tí ó mú un le fún ológbò àti ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i.

Ọkọ̀ tí à ń wí yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV. Ọkọ̀-ilé ni àwa ó máa pè é. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ bí i bọ́ọ̀sì ńlá. Èkejì kò ní, ọkọ̀ mìíràn ni ó ń fà á. Ibùsùn, sítóòfù gáàsì, fíríìjì, àgbá omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ a máa wà nínú méjèèjì. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n jù lọ. Ní ọdún 1966 ni ilé-iṣẹ́ Winnebago ní ìpínlẹ̀ Iowa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oríṣi ẹlẹ́ńjìnnì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí afẹ́ nìkan ni ènìyàn fi ń gbé inú ọkọ̀. Jessica Bruder, nínú ìwé rẹ̀ Nomadland tí ó jáde ní 2017, fi hàn pé lẹ́yìn tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí owó ilé ti ju agbára wọn lọ ni ó kó sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ onígbà díẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Lójú ẹni tí ó ń dá gbé báyìí, ológbò kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Alábàágbé ni.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Inú ìwà ológbò fúnra rẹ̀ ni. Ajá a máa tẹ̀lé olówó rẹ̀. Ibi tí olówó rẹ̀ bá wà ti tó o nílé. Ti ológbò yàtọ̀. Ibi tí ó ti mọ̀ ni ó gbójú lé, òórùn ara rẹ̀ ni ó sì fi ń mọ ibẹ̀. Oje olóòórùn kan, tí imú ènìyàn kò lè gbọ́, ń ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tí ẹ bá rí ológbò tí ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ẹsẹ̀ àga, àmì ni ó ń fi síbẹ̀ pé tòun ni. Bí a bá gbé e lọ sí ibi tí kò ní àmì yìí, ẹ̀rù a bà á. Ó lè sá pamọ́, ó lè kọ oúnjẹ, ó sì lè gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ẹ wo ti ológbò kan tí ń jẹ́ Holly. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, tọkọtaya kan mú un lọ sí àpéjọ àwọn ọlọ́kọ̀-ilé ní Daytona Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ó sá jáde kúrò nínú ọkọ̀. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ní ọjọ́ tí ọdún náà parí, ó yọ ní West Palm Beach, ìlú tí ilé rẹ̀ wà, ibi tí ó tó nǹkan bí 200 máìlì sí ibi tí ó ti sọnù. Ó ti rù hangogo, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti bó. Kò sí ẹni tí ó mọ bí ó ti rìn ín. Oúnjẹ wà nínú ọkọ̀, olówó rẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà ilé ni Holly kọrí sí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ di ilé fún ológbò kí ó tó di ọkọ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà a máa gbé ọkọ̀ dúró sí àgbàlá fún ọjọ́ mélòó kan. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti máa fún ológbò lóúnjẹ, wọn yóò sì tẹ́ aṣọ àtijọ́ tí ó ń sùn lé síbẹ̀ láìfọ̀ ọ́, kí òórùn rẹ̀ má baà lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tan ẹ́ńjìnnì láìrìn. Nígbà tí ìró rẹ̀ kò bá dẹ́rù bà á mọ́, wọn yóò rin ìrìn díẹ̀, wọn yóò sì padà.

Bí ọkọ̀ bá ń rìn, inú àgò tí a so mọ́lẹ̀ dáadáa ni ó yẹ kí ológbò wà. Èyí tí a bá tú sílẹ̀ lè kó sábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, níbi bíréèkì. Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé ní ògiri tí a ń tì jáde kí yàrá lè fẹ̀ sí i bí ọkọ̀ bá dúró. Kí a tó fà á wọlé, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ojú rí ológbò, nítorí ògiri náà lè fún un pa.

Ooru ni ọ̀tá tí ó burú jù. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé ooru inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a tì sínú oòrùn ń fi nǹkan bí 22 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius láàrin wákàtí kan, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ sì ti wọlé kí ìṣẹ́jú 30 tó pé. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò ràn án. Ọkọ̀-ilé tóbi ju ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bí iná bá kú tí ẹ̀rọ amúlétutù sì dákẹ́, kò pẹ́ kí òun náà tó di ààrò. Ìdí nìyí tí àwọn tí kò lágbára àtimáa ra iná fi ń sá tẹ̀lé ojú ọjọ́. Nígbà òtútù, wọn a pé jọ sí aṣálẹ̀ Quartzsite ní Arizona. Bí ooru bá ti ń mú, wọn a gbéra lọ sí orí òkè.

Ní ti sísọnù, dókítà ẹranko lè ki ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kan, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, sábẹ́ awọ ológbò. Ẹ̀rọ yìí kò lè sọ ibi tí ẹranko wà. Nọ́ńbà nìkan ni ó ní, tí a ó fi mọ olówó rẹ̀. Òun ni a fi mọ Holly. Ìwádìí kan ní 2009 fi hàn pé nínú 100 ológbò asákiri tí ó dé ilé ìtọ́jú ẹranko, kò pé 2 tí ó padà sọ́dọ̀ olówó wọn. Nínú àwọn tí ó ní ẹ̀rọ yìí, ó lé ní 38. Ṣùgbọ́n bí olówó bá pààrọ̀ tẹlifóònù tí kò fi tó àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà létí, òfo ni nọ́ńbà ọ̀hún. Ẹni tí ilé rẹ̀ kì í dúró lójú kan kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Bákan náà, ẹni tí yóò bá ọ̀nà ilẹ̀ wọ Kánádà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ológbò tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta.

Ní àkótán, ẹni tí ó ń gbé inú ọkọ̀ mọ ìdí tí òun fi kúrò nílé: bóyá afẹ́ ni, bóyá owó ilé ni. Ológbò kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè kí a tó gbéra. Nítorí náà, ọrùn ẹni tí ó mú un re àjò ni ó wà láti rí i pé ilé bá a lọ ní tòótọ́.