Nígbà Tí Kámẹ́rà Bọ́ Sọ́wọ́ Àwọn Obìnrin Yunnan

Ọmọ ọwọ́ kan dá sùn létí oko àgbàdo, ìyá rẹ̀ ń roko lọ. Obìnrin abúlé kan ní ìgbèríko Yunnan, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló ya àwòrán náà. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ló yí ọwọ́ ìwádìí ìlera padà.

Tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì ni àwọn olùwádìí ti máa ń kọ ìbéèrè, kí wọ́n tó lọ bá ará abúlé pé kó dáhùn. Ohun tí kò bá ti wá sọ́kàn ẹni tó kọ ìbéèrè, kò sí bó ṣe fẹ́ dénú ìwé rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìlera wo ló ń béèrè pé, "Ta ló ń bá ọ gbé ọmọ nígbà tí o bá ń roko?"

Lọ́dún 1992, àwọn olùwádìí méjì, Caroline Wang àti Mary Ann Burris, gba ọ̀nà mìíràn. Àjọ Ford Foundation gbówó kalẹ̀, wọ́n sì kó kámẹ́rà fún obìnrin 62 ní Chengjiang àti Luliang, ní Yunnan. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n ní kí wọ́n ya iṣẹ́ àti ìlera wọn bó ṣe rí lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á péjọ, oníkálukú á yan àwòrán tó ká a lára jù, á sì sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ọgbọ́n Paulo Freire, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Brazil, wà nínú ọ̀nà yìí: ẹni tí ìṣòro bá ń bá fínra tó láti wádìí ìṣòro ara rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ rí àwòrán, wọ́n gbọ́ ìtàn. Ètò ìtọ́jú ọmọdé, ètò agbẹ̀bí àti owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin ìgbèríko tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. "Photo novella" ni wọ́n kọ́kọ́ pe ọ̀nà yìí. Nígbà tó fi di 1997, Photovoice ló ń jẹ́.

Lónìí, fóònù tó ń ya àwòrán ti dọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará abúlé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìròyìn ìlera kiri, ẹ jẹ́ kí àwọn ará ìlú bá yín gbé ìbéèrè kalẹ̀ kí ẹ tó kó o sórí fóònù. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ kó àbọ̀ rẹ̀ padà fún wọn, torí àwọn ló ni ín.